Alfa Sálíù Rí Àpótí Ìbò Náà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi. Mo pa á lórí rédíò, lọ́jọ́ ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ní Ìlọrin níbí. Ó ti tó ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọkùnrin tí irọ́ náà bà jẹ́ wá sí ilé mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ohun tó wá sọ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

N kò kọ orúkọ mi sí i, orúkọ tí mo sì pe àwọn tó kù kì í ṣe orúkọ wọn.

Oníròyìn ni mí. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà látìgbà tí a ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì gba ohùn sílẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà láti Ọ̀mù-Àrán ni mí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni mo dàgbà sí. Ohun kan ni wọ́n fi mọ̀ mí: n kì í gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbà mí gbọ́.

Ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ ìdìbò. Mo fi ẹsẹ̀ rìn kúrò nílé mi lẹ́yìn Ọ̀fà Garage ní kùtùkùtù. Gáréèjì dákẹ́ rọ́rọ́. Ní Challenge, ewúrẹ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ sí àárín títì, wọn ò sì dìde fún mi. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù Táíwò Road wà ní títì. Ìró bàtà ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Ó ṣe mí bí ẹni pé ìlú ti kó lọ síbì kan, tí wọ́n gbàgbé mi sẹ́yìn.

Agbo-ilé kan ní ìlú àtijọ́ ni mo lọ. Ibẹ̀ ni Ìyáàfin Kúdíràtù ti wá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà, ó fẹ́ lọ ṣojú àgbègbè wọn nílé ìgbìmọ̀, ọkùnrin tó wà lórí àga aṣojú náà sì fẹ́ padà síbẹ̀. Alfa Sálíù ni aṣojú Kúdíràtù ní ibùdó ìdìbò yẹn. Òun ló ń bá a ṣọ́ àpótí. Télọ̀ ni, òun náà sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ẹni tó ń pe ìrun. Wọ́n ní bí ó bá pe Àsùbáà, àwọn tó ti pinnu láti sùn pàápàá á dìde, wọ́n á kọ́kọ́ ṣépè, wọ́n á sì wá ṣàlùwàlá.

"Ìgbómìnà, ẹ káàbọ̀," ló fi kí mi. "Ẹ jẹ wàrà ná, kí ẹ tó máa da ìbéèrè bò wá."

Mo jẹ wàrà. Mo mu fùrá. Títí ọ̀sán kò sí ìjà kankan. Oòrùn mú, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo wá ibi jókòó sí. Ilé-kéú kan wà ní òdìkejì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi dóńgóyárò tí tábìlì ìdìbò wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò wá lọ́jọ́ náà. Wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn, fara ti ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé àwọn náà tò sórí ìlà láti dìbò. Ibẹ̀ tutù, ó ń rùn fún tàdáà tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rí mi nígbà tí mo wọlé. Mo jókòó sórí ẹní, mo ní kí n máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Mo sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ bí oorun náà ṣe rí. Ohùn àwọn tó ń ka ìbò ń wọlé bá mi. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Lójú àlá, mo rí òṣìṣẹ́ ìdìbò tó ń gbé ìwé ìbò sókè, ìwé kọ̀ọ̀kan ń di lékeléke, ó ń fò lọ. Gbogbo ará agbo-ilé gbójú sókè, wọ́n ń ka ẹyẹ, inú wọn ń dùn. Lẹ́yìn náà ni òjò dé sórí páànù, òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn, àwọn ẹyẹ náà sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òwú. N kò fẹ́ jí. Oorun kò tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fóònù ló jí mi. Ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ ni. "Ó kàn ẹ́! O ti wà lórí afẹ́fẹ́!"

Mo wo ojú fèrèsé. Òjò ti dá. Wọ́n ń ka èsì lábẹ́ igi, ọkùnrin tó wà lórí àga ló borí níbẹ̀. Mo la ẹnu. Mo ní, "Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ka ìbò náà, láti orí ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kò sí ìjà, kò sí màgòmágó." Ó dà bí òtítọ́ lẹ́nu mi. Mo ṣáà ti rí i tí wọ́n ń kà á.

Ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ti yí rédíò sókè. Kí n tó bọ́ síta, Alfa Sálíù ti dé, omi òjò ń kán láti ara fìlà rẹ̀.

"Baba oníròyìn, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Àpótí tí wọ́n gbé wọ ilé Ìyá Àlímá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yẹn ńkọ́? Nígbà tí òjò dé? Tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ èmi aṣojú síta?"

Ojú tì mí. Àgbàlagbà bíi tèmi, tó gbé káàdì oníròyìn kọ́rùn, kí n wá sọ pé mo sùn? Mo ní, "Alfa, mi ò rí àpótí kankan tó wọlé o."

"Wàláì, ẹ wò mí lójú kí ẹ tún un sọ."

Mo wò ó lójú. Mo tún un sọ.

Ọ̀pọ̀ yín á rò pé wọ́n rà mí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò fún mi ní nǹkan kan. Oorun ni. Oorun àti ìtìjú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ. Mo bá Ìyá Àlímá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mo bi í nípa àpótí náà.

"Wọ́n gbé e wọlé, kí ló wà níbẹ̀?" ló ní. "Yàrá mi ni. Wọ́n ní kí èmi gan-an jáde. Mo dúró nínú òjò bí adìẹ."

Mo ní ṣé ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ta ló bi mí?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. N kò gbé e jáde. N kò mọ ohun tí wọ́n ṣe nínú yàrá yẹn títí di òní, ó lè jẹ́ òjò nìkan ni wọ́n sá fún. Ṣùgbọ́n Sálíù kò purọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀.

Ìbò tí wọ́n fi borí Kúdíràtù ní gbogbo àgbègbè náà kò tó nǹkan, ó sì pe ẹjọ́. Sálíù jẹ́rìí fún un, ó fi Àlùkùránì búra. Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kejì tẹ ẹ̀rọ kan, ohùn mi sì gba gbogbo ilé ẹjọ́. Mo wà níbẹ̀. Orí bẹ́ńṣì àwọn oníròyìn ni mo jókòó sí, mo wá gba ìròyìn. Ohùn náà balẹ̀, ó dùn ún gbọ́, bí ohùn ẹlòmíràn tó mọ ohun tó ń sọ. Èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Sálíù yíjú wò mí. Kò le ojú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Kúdíràtù pàdánù ẹjọ́ náà. Èmi ni mo ka ìròyìn rẹ̀. Mo kà á pé ilé ẹjọ́ ní ẹ̀rí Sálíù kò ṣeé gbára lé.

Ẹnu Ìyá Àlímá ni mo ti gbọ́ èyí tó kù. Àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè: ẹni tí ilé ẹjọ́ kò gba ẹ̀rí rẹ̀, ṣé òun náà ló yẹ kó máa dúró jẹ́rìí sí Ọlọ́run létí gbogbo ayé, ìgbà márùn-ún lójúmọ́?

"Wọn ò lé e o," ni ìyá náà wí. "Wọ́n kàn ní kó sinmi ná. Ìsinmi yẹn ni kò tán."

Mo ṣì máa ń gba àdúgbò náà kọjá. Ohùn ẹlòmíràn ló ń pe ìrun, kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá tòògbé lórí àga lọ́sàn-án, ohùn Sálíù ló máa ń jí mi, ketekete, bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn ògiri. Bí mo bá lajú, fáànù nìkan ló ń yí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ń bọ́ bàtà. Alfa Sálíù kanlẹ̀kùn. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń rán an lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ sí Hájì á kọ́kọ́ kárí ilé àwọn tó bá ṣẹ̀, á bẹ̀ wọ́n kó tó gbéra. Nígbà tó sọ fún mi pé òun ń lọ, mo rò pé ó wá dárí jì mí kí ọkàn rẹ̀ lè mọ́. Ara mi fúyẹ́.

Àṣé èmi ló wá bẹ̀.

"Ìgbómìnà, ẹ foríjì mí," ló ní. "Látọjọ́ yìí wá ni mo ti ń pè yín ní òpùrọ́ nínú ọkàn mi. Mo ti wá rò ó dáadáa. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo nǹkan ń ṣe bàìbàì. Bóyá àpótí yẹn ò kúrò lábẹ́ igi rárá. Èèyàn bíi tiyín kò ní parọ́ lórí rédíò. Èmi ni mo jẹ́rìí èké, mo sì fi Àlùkùránì búra sí i."

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Mo ti foríjì yín, Alfa."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Ó bi mí pé kí ni kí òun bá mi rà bọ̀. "Tẹ̀sùbáà ò wúlò fún yín. Ó wá ku omi sàmúsàmú, ìyẹn ò ní béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń lọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sìn ín dé títì, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀sìn, ẹ̀yin tí ẹ ti rí ayé jù mí lọ, ẹ gbà mí. Bí mo bá lọ bá a nísinsìnyí, mo lè da ọkàn rẹ̀ rú, kó gbé ìbínú dání lọ sí ilẹ̀ mímọ́. Bí mo bá dúró dìgbà tó bá dé, á ti dúró ní òkè Àráfà, á ti sunkún níwájú Ọlọ́run fún irọ́ tí kò pa. Ṣé ọ̀dọ̀ lémọ́ọ̀mù ni kí n kọ́kọ́ lọ ni? Ṣé ọ̀dọ̀ Kúdíràtù? Àbí orí rédíò tí mo ti pa á ni kí n padà sí, kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kó tó gbéra. Mi ò fẹ́ kó lọ tọrọ àforíjì lọ́hùn-ún nítorí ojú rẹ̀ tó ríran dáadáa.