Ìwé Tí Mo Ń Kọ "A Dúpẹ́" Sí Lójoojúmọ́

Ẹ̀yin ará, nínú gbogbo Ouagadougou, láti Tampouy títí dé Cissin níbí, kò sí ẹni tó mọ àga onítáyà tì bíi tèmi. Ẹ lọ béèrè. Ẹ má ṣáà béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ tí wọ́n jókòó níwájú yẹn, torí àwọn ló máa ń wà nínú àga náà, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni mo ti jẹ́ kí wọ́n tọ́ yẹ̀pẹ̀ wò.

Nítorí náà, Ọlọ́run tó ń gba aláṣejù lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Halelúyà!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Dáre tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní quatrième, kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì. Ká sòótọ́, ilé ìwé ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, láti kékeré ni ibà ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọdún bí i mélòó kan ni wọ́n fi jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì nílé wa, tí wọ́n ń wo aláǹgbá. Ìgbà tí ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Tantie ṣí ilé fún irú wọn ní Tampouy ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n kọ́ aṣọ híhun níbẹ̀. Ẹ ò rí aṣọ tó wà lọ́rùn Pásítọ̀ wa yẹn? Ọwọ́ wọn ló hun ún. Tantie wá ṣàánú èmi náà, ó ní kí n máa ti àga, kí n máa gbé àwọn èèyàn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, kí n sì máa kọ ìwé.

Ìwé yẹn ni wàhálà mi. Ìjọba ti gbé òfin kan jáde fún gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní ẹni tó bá ń gbé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e, àga gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì àti bíréèkì, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣubú tàbí tó fara pa, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé tí kò bá ṣe é, títì ni wọ́n máa tì í.

Ẹ̀yin ará, inú ìjọ yìí lẹ ti tọ́ mi. Ẹ kọ́ mi pé ẹnu onígbàgbọ́ kì í sọ burúkú. Bí ẹ bá bá Màmá mi lórí ibùsùn àìsàn tí ẹ ní ara ńkọ́, a dúpẹ́ ni wọ́n máa wí. Èmi náà, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ṣí ìwé ìjọba, mo máa ń kọ: A dúpẹ́. Ọjọ́ tí mo ń fi àga sáré ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n mi já bọ́, a dúpẹ́. Ọjọ́ tí bíréèkì já tí mo fi àkísà so ó, tí àkísà náà sì já, a dúpẹ́. Ọjọ́ tí mo fi wọ́n sílẹ̀ lójú ọ̀nà torí mo ń kí ọmọbìnrin kan, àga dojú dé, ọrùn ọwọ́ wọn wú, wọn ò lè hun aṣọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kọ a dúpẹ́. Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ dá mi lóhùn.

A wá gbọ́ pé inspectrice, obìnrin tó ń yẹ irú ilé wọ̀nyí wò fún ìjọba, ń bọ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, tí mo fi ìrẹsì àti ẹ̀wà ṣínu rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní. Mo gbàdúrà pé kí moto obìnrin náà bà jẹ́ lọ́nà.

Ọlọ́run gbọ́. Táyà ẹ̀yìn fọ́. Ẹnu géètì wa ló ti fọ́!

Ẹ gbọ́ ohun tí àdúrà mi ṣe. Obìnrin náà ní ilé mẹ́ta míì láti lọ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá kàn yọjú sí wa lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún moto ṣe ní Tampouy kì í kánjú. Obìnrin náà bá jókòó sábẹ́ igi wa títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n pa ìwé dé.

Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn méjìlá káàkiri, tí ẹnikẹ́ni ò ṣubú rí? Irọ́ ni."

Wọ́n ní òfin sọ pé kí àwọn gbọ́ tẹnu àwọn tó ń lo ilé náà. Wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń fi ojú bẹ̀ wọ́n látẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ka ìṣubú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò fi ti ọmọbìnrin sílẹ̀. Tantie jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti rí kọ́tìnì ilé wa àti aláǹgbá rẹ̀ lójú ọkàn mi, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ń dá Ẹ̀gbọ́n mi padà síbẹ̀.

Inspectrice ní ṣé kí wọ́n ti ilé náà ni?

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá. Nílé wa mi ò ṣubú rí, torí kò sẹ́ni tó gbé mi. Ẹ kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn."

Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀. Èyí ló pa mí lẹ́kún.

Wọn ò ti ilé. Wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta: ká tún bíréèkì ṣe, ká ra bẹ́líìtì, kí n lọ kọ́ṣẹ́. Níbi ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní kí èmi jókòó sínú àga, kí ẹlòmíì tì mí. Ọmọkùnrin tó tì mí, bí mo ṣe ń ti èèyàn gẹ́lẹ́ ló ṣe tì mí. Mo pariwo Jésù. Mo yege, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láyé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà padà wá, wọ́n ka ìṣubú méjì àti ọgbẹ́ kan ti àwọn yòókù tí mo kọ sínú ìwé mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lu òǹtẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ bá Ẹ̀gbọ́n mi yọ̀, lọ́la wọ́n ń lọ hun aṣọ. Ògo ni fún Ọlọ́run tó fọ́ táyà níbi tó dára.

Ó ku ẹyọ kan. Láàárọ̀ yìí, níbi àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, mo ń ro bí màá ṣe sọ ẹ̀rí mi kó dùn, àga fẹ́ dojú dé. Bẹ́líìtì ló mú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rí ni mo fẹ́ lọ jẹ́."

Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sínú ìwé."