Lẹ́yìn Àmín

Nínú mọ́tò tó ń ti Ìláròó lọ sí Owódé ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó jókòó lẹ́yìn mi, tí èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé búrẹ́dì.

"Owó ìsinmi tó o ò lò ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n bi í. "Ọdún dé, ọdún lọ, ìdí ààrò lo wà. Ẹ̀tọ́ rẹ mà ni."

"Ohun tó gbé mi dé ọ́fíìsì ọ̀gá nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe bí ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ní kí wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣe é títí. Bí mo ṣe dìde, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn dè mí."

"O ò wá béèrè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ní ń béèrè owó lẹ́yìn àmín?"

Títí di òní, gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi. Ẹ̀gbọ́n tún bi í léèrè.

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ gbà ládùúrà?"

"Wọ́n ní ẹlòmíì ò ní jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìyẹn gan-an ni mo ké àmín sí jù."