Fíúsì Inú Àpò

Níbi tí mo ti dúró ra rìmóòtù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dópẹmú lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo ti gbọ́ tí ọkùnrin méjì tó ń tún AC ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èyí tó dàgbà jù ló ń bínú.

"O gun àkàbà, o tú wáyà AC síta, o ò sì pa iná níbi mítà?"

"Bọ̀dá, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀ jàre."

"Ṣé ìwọ lo mú un lọ ni?"

"Rárá o."

"Ẹni tó mú un lọ, ṣé ó bi ọ́ kó tó dá a padà?"

Èkejì ń fọwọ́ pa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó bó. "Kò bi mí. Mo kàn gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń pariwo pé iná ti dé. Orí koríko ni mo ti dá wọn lóhùn."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi bọ̀dá.

"Iná tí wọ́n mú lọ, kì í ṣe ìwọ lo pa á! Èmi, kí n tó fọwọ́ kan wáyà, màá yọ fíúsì ilé yẹn, màá jù ú sápò. Ta ló fẹ́ wá tanná pa mí?"

Ló bá fọwọ́ gbá àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nǹkan líle kan dún níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Kò tíì yọwọ́ níbẹ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún, tí obìnrin kan ń pariwo nínú rẹ̀ pé láti àná tó ti wá tún AC òun ṣe, gbogbo àdúgbò àwọn ní Gowon Estate ló ní iná, àfi ilé òun.

"Ẹ má bínú, mà, mò ń bọ̀," ni bọ̀dá wí jẹ́jẹ́. "Àmọ́ ẹ ṣáà bá mi dúpẹ́ pé mi ò kú sílé yín."