Owó Omi Ọlọ́kadà

Mò ń dúró de ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kan ní Lugbe nígbà tí tọkọtaya inú ọgbà ń jiyàn lórí owó omi tí wọn yóò fún ọlọ́kadà tó gbé oúnjẹ wá.

"Kí n fi ẹgbẹ̀rún kan ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Oòrùn yìí mú."

"Ẹgbẹ̀rún kan kẹ̀? Kó lè mọ̀ pé owó wà nílé yìí? Ẹ fún un ní igba lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́, ó máa rí orúkọ yín."

"Kai! Ṣé orúkọ mi kọ́ ló ń pè ní géètì lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹ ò rí i? Ó mọ orúkọ wa, àwa ò mọ tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Ẹ̀gbẹ́ mi ní géètì ni ọlọ́kadà náà dúró sí. Mo ti bi í léèrè orúkọ rẹ̀: Mufu ló ń jẹ́, bíi ọmọ mi tí mo sin.