Mọ́tò Tó Rì Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run tí kì í sùn! Ẹ gbé e sókè dáadáa, ọwọ́ yín ò wúwo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ pé aṣọ funfun ni mo wọ̀ dúró síwájú yín lónìí, tí kì í ṣe aṣọ dúdú. Ẹ wo ọkọ mi lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rín ló ń rín yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa rín in. Ọkùnrin tí ẹ̀ ń wò yẹn ì bá ti bá odò lọ.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ wá. Èmi ni Ìyá Fẹ́mi, ìyàwó Bàbá Fẹ́mi oní-mísà. Mísà yẹn, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, òun ló ń bọ́ wa. Láti ìgbà tí owó epo ti wọ̀lú, ta ni kì í kọ́lé mọ́ ní Ìsọlọ̀ yìí? Ibi tí a ti ń ṣa ìgbín ní Òkòtà lọ́jọ́sí, wọ́n ti ń da kọnkéré síbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ lo mísà wa, òun ni yóò gbé mọ́tò tirẹ̀ wá, yóò so ó mọ́ ẹ̀yìn, yóò fà á lọ. Àwa ò ní mọ́tò, a ò sì wá a.

Àfìgbà tí iṣẹ́ abúlé dé. Abúlé àwọn ìyá mi ni, lẹ́yìn Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀dà ti parí tí ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, nítorí àwọn aboyún wọn ti jìyà tó lójú ọ̀nà. Ògiri ti dúró, wọ́n ti to irin sókè, dẹ́kìn, kọnkéré tí wọ́n ń dà sórí ilé, ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé rí, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń da dẹ́kìn. Bí ẹ bá dá a dúró láàárín, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Wọ́n ní kí Bàbá Fẹ́mi gbé mísà bọ̀. Ó fọwọ́ sọ̀yà, ó ní òun ń bọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Kí ẹ tó dé abúlé náà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, odò wà nísàlẹ̀, afárá pákó ló wà lórí odò, ẹ máa wá gun òkè mìíràn lódìkejì. Lọ́ọ̀rì ńlá ò lè gba orí pákó yẹn. Mọ́tò kékeré ò lè fa mísà gun òkè yẹn, mísà ni yóò fa òun padà. Pikọ́ọ̀pù la nílò, èyí tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù, tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa yí nínú ẹrẹ̀, kí ti iwájú máa fà, kí ti ẹ̀yìn máa tì. Fóò-wíìlì ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ká tó kúrò nílé lọ sí Òṣòdì, ọkọ mi ti gé e kúrú, fóò lásán ló ń pè é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o, ẹ̀yin ará. Fóò.

Ọkùnrin kan ń ta mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Sùúrù ni gbogbo ayé ń pè é. Pikọ́ọ̀pù méjì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan rèé, aláwọ̀ ojú ọ̀run, irin iwájú rẹ̀ ń kọ mànà, ó ní rédíò, àga rẹ̀ rọ̀ mùkẹ̀mukẹ. Èkejì ga gogoro, àwọ̀ eruku ni, kò ní rédíò, ìjókòó rẹ̀ le, ọ̀pá kékeré kan sì tún yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà rẹ̀. Ọkọ mi ò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ó ti jókòó sínú aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó ti tan rédíò, ó ti ń mi orí.

Ó bèèrè o. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn nínú ilé Ọlọ́run. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé fóò lèyí?"

Bọ̀ọ̀dá Sùúrù na ọwọ́ wọlé, ó gbá orí gíà. "Fóò ni, sà! Fóò pọ́ńbélé."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án fúnra yín, sà. Fóò ni."

Mo wá bèèrè pé kí ni ọ̀pá kékeré inú èkejì yẹn wà fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, àwọn sójà ló máa ń wá irú ìyẹn. Èyí ló yẹ yín." Ẹ̀yin ará, ara mi kọ̀ ọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Mo fa ọkọ mi láṣọ. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ṣé ìwọ lo máa wà á ni?" Mo bá panu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lẹ́yìn gàdàgbà: ỌLỌ́RUN LÓ Ń FÀ MÍ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ èmi náà, mi ò parọ́.

Ó ní Sátidé la máa lọ. Mo ní kò ṣeé ṣe! Nínú ìjọ tiwa yìí, mọ́tò tuntun kì í jáde lọ síbi iṣẹ́ láì kọ́kọ́ yípo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pẹ̀lú ẹrù tó máa gbé. Bí ẹja lẹ fẹ́ máa fi kó, ẹ máa kó ẹja sí i. Tiwa, mísà la máa so mọ́ ọn. Bàbá Fẹ́mi fárí gá. Ó ní àwọn ènìyàn ń dúró de òun, ó ní Ọlọ́run tó wà ní Ìsọlọ̀ náà ló wà lọ́nà Abẹ́òkúta. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n Ìsọlọ̀ la ti máa kọ́kọ́ kí i. A jà, àwọn ará ilé gbọ́. Nígbà tí mo rí i pé ó fẹ́ lọ lóòótọ́, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo dì í sínú ọ̀já, mo so ọ̀já náà mọ́ ìdí, mo ní kó wá mú un. Kò wá mú un. Ó bínú sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sọ́ńdè, ẹ̀yin náà lẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí èmi ṣe rí i. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹ mọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, bó ṣe dagẹ̀rẹ̀ lọ sínú àbàtà. Ewúrẹ́ tó bá jìn síbẹ̀ lẹ́yìn òjò, olówó rẹ̀ a kàn máa lọ sílé ni. Bàbá Ìjọ ń wọ́n omi àdúrà, agogo ń dún, ẹ̀ ń kọrin tẹ̀ lé wọn. Mọ́tò yí igun àkọ́kọ́. Ó dé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo.

Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹrẹ̀ fọ́n sí aṣọ àwọn akọrin. Mísà tó wà lẹ́yìn sún sẹ́yìn díẹ̀, mọ́tò bá tẹ̀ lé e. Orin dá. Ọkọ mi tẹ bíréèkì, táyà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò ò dúró! Gbogbo rẹ̀ ń yọ̀ lọ sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, mísà ń wọ́ ọ lọ sí àbàtà. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi ti há mọ́ igi máńgòrò, kò ṣeé ṣí. Mo rí ojú rẹ̀ nínú gíláàsì. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kí ó ṣe irú ojú yẹn rí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí débi pé gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ fò lọ. "Jésù" nìkan ló kù lẹ́nu mi. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti wà lórí eékún nínú ẹrẹ̀.

Ohùn Ìyá Ìjọ ni mo gbọ́. "Ẹ gbé bẹ́ńṣì wá! Kí lẹ̀ ń wò? Bẹ́ńṣì!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin sáré wọlé, ẹ gbé bẹ́ńṣì àwọn akọrin, ẹ sọ ọ́ sábẹ́ táyà mísà. Ó kán, pàà! Ẹ sọ òmíràn sí i. Ìyẹn náà kán. Mísà ti kan omi báyìí. Ẹ tún gbé òmíràn, ẹ tì í wọlé gbọọrọ, ó dún, ó tẹ̀, mo dijú. Nígbà tí mo lajú, ó ti dúró. Mísà dúró, mọ́tò dúró. Ẹ so okùn mọ́ imú mọ́tò, àtọkùnrin àtobìnrin dì í mú, Bàbá Fẹ́mi wá gba ojú fèrèsé kejì jáde.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà síwájú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo táyà. Ti ẹ̀yìn ti gbẹ́ kòtò tí èèyàn lè sin nǹkan sí. Ti iwájú ò yí rárá, koríko abẹ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ já. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, èyí kì í ṣe fóò."

Àárọ̀ Mọ́ńdè la ti wà ní Bọ́ládé. Mo ti múra ìjà lọ, ẹ má tan ara yín jẹ. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Sùúrù ò tiẹ̀ mọ ohun tí a ń bínú sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fóò ni mo sọ, fóò náà ni. Gíà mẹ́rin ló ní!" Ó di gíà mú, ó ń kà á fún wa: "Wáàn, túù, tíírì, fóò!" Ìjà tán lẹ́nu mi. Ọkùnrin yìí ò purọ́ fún wa. Táyà là ń bèèrè, gíà ló ń dáhùn.

Ó gbà láti fún wa ní aláwọ̀ eruku dípò rẹ̀. Àfi ìgbà tó yí lọ sẹ́yìn, tó rí ohun tí a kọ síbẹ̀. Ó ní, "Háà! Ta ló máa ra mọ́tò tí ẹlòmíì ti kọ àdúrà tirẹ̀ sí lára? Kò ṣeé ṣe, sà." Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ọjọ́ dẹ́kìn ti súnmọ́lé. Mo wá rí i lójú ọkọ mi pé ó ti ń rò ó láti gbé aláwọ̀ ojú ọ̀run náà lọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn mọ́tò náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní gbangba Òṣòdì, àwọn tó ń kiri ọjà ń wò mí, mi ò tijú. Ẹ̀yin ará, mi ò tíì ṣe àmín tí ẹnì kan fi ń kàwé lẹ́yìn mi: "Ọlọ́run ló ń fà mí." Ọkùnrin kan ni, búrẹ́dì ló ń ṣe ní Muṣin. Ó ní, "Ta ló ni mọ́tò yìí? Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wù mí." Orí ọ̀dà ló ti máa fi pín búrẹ́dì, kò bá òkè tàbí ẹrẹ̀ ṣe pọ̀. Ẹ pariwo halelúyà! Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Sùúrù ní kò ní jẹ́ kó tà, òun gan-an ló tà á!

Ẹ má tíì jókòó. Mi ò tíì dé ibẹ̀.

Aláwọ̀ eruku la so mísà mọ́, mo sì bá ọkọ mi lọ. Mo ní bí yóò bá rì, kó rì lójú mi. A sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè àkọ́kọ́, mísà ń tì wá lẹ́yìn. A dé orí afárá, pákó ń ké lábẹ́ wa. Mo wo àárín pákó, mo rí omi, pupa, ó ń sáré, ó ń gbé ìtí igi lọ. A kọjá. Ó ku òkè kejì. A ti gùn ún dé ìdajì nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì yọ̀. Mo mọ ìró yẹn. Ìró ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni! Mọ́tò dúró. Ó sún sẹ́yìn. Mo bojú wẹ̀yìn, mísà ti kọ̀dí sí odò. Kò sí igi máńgòrò níbẹ̀. Kò sí okùn. Kò sí bẹ́ńṣì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ọkọ mi fa ọ̀pá kékeré. Irin ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò wọlé. A tún sún sẹ́yìn. Mo pe Jésù. Ó tún fà á, ó wọlé, gbì! Mo rí i tí táyà iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tó bu ilẹ̀ jẹ, tí imú mọ́tò gbéra. A ń lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ara mọ́tò ń gbọ̀n, èmi náà ń gbọ̀n, títí tí mo fi rí òrùlé àwọn ìyá mi.

Lórí òkè, Bàbá Fẹ́mi pa ẹ́ńjìnnì. Ó gbórí lé sitiárìn, ó sunkún. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ká ní o fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́?" Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

A da dẹ́kìn náà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ. Kò sán. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ. Ohun tí mo wá sọ ni pé mo bínú sí Ọlọ́run ní Sọ́ńdè yẹn, nítorí ìtìjú. Mo ní mọ́tò tuntun, níwájú gbogbo ìjọ! Mi ò mọ̀ pé rírì yẹn ti wà lọ́nà tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run ló kàn bá wa yan ibi tí yóò ti ṣẹlẹ̀. Ó jẹ́ ká rì síbi tí ọwọ́ yín wà.

Ògo ni fún un! Ẹ̀yin akọrin, ẹ ti ń dúró kọrin láti ọjọ́ yẹn, mo mọ̀. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn aláwọ̀ eruku níta, bẹ́ńṣì tuntun yín ló kó wá. Ẹ gbé wọn wọlé. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dìde, ẹ bá èmi àti ọkọ mi jó. Ẹ tẹlẹ̀ gírígírí, ilẹ̀ ibí yìí ò yọ̀!