Ojú Ìwé Tí Mo Rán Pọ̀

Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní òpùrọ́ lójú bàbá tó bí i àti lójú gbogbo àdúgbò, bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló ń sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwíjàre, nítorí mo mọ ara mi. Ẹni tó ń bá gbogbo ayé wí ni mí. Bí ọmọdé bá kí àgbà lóòró, èmi ni n ó dá a padà. Bí ìyàwó ilé bá ń bú ọkọ lójú ọ̀nà, mo ti dá sí i. Ìyá Aránṣọ ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò Takie níbí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn mi, Ìyá Adájọ́ ni wọ́n ń pè mí. Mo mọ̀, inú mi sì máa ń dùn sí i. Kò dùn mọ́.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n fi mí kọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ọkọ ló sì gbé mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Okùn ni mo fi ń mọ ìwọ̀n oníbàárà nígbà náà. Bí mo bá wọn èjìká, n ó ta kókó kan sí i. Bí mo bá wọn ìdí, n ó ta òmíràn. Ọjọ́ tí ọmọ kan tú gbogbo kókó náà níbi tó ti ń fi wọ́n ṣeré, mo jókòó láàárín àwọn okùn yẹn, mo sunkún, mo sì forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà. Tíṣà tó kọ́ wa kéré sí àkọ́bí mi, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kà láti èèpo dé èèpo, tàbí tí mo rò pé mo kà bẹ́ẹ̀, ìwé àròsọ àwọn ọmọdé ni, *Ọmọ Tó Lọ Wá Òjò*. Òjò bínú kúrò ní ìlú kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàbí wá gba inú òkìtì ọ̀gán wọ ìlú àwọn iwin lọ láti bẹ̀ ẹ́ wálé. Inú kànga ni wọ́n ń tọ́jú òjò sí níbẹ̀. Iwin oníwo kan ló ń ṣọ́ kànga náà, igbe rẹ̀ sì burú débi pé ẹnikẹ́ni kò lè sún mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé ìtàn náà dùn! Èmi àgbàlagbà, mo ń kà á, mo ń gbàgbé aṣọ oníbàárà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nígbà tí mo mọ̀wé kà tán, mo ní kí ó má ṣe tán sórí èmi nìkan. Gbogbo Sátidé ni mo ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sínú ṣọ́ọ̀bù mi kí wọ́n wá kàwé. Ọmọ Aládùúrà bíi tèmi wà níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Àwọn òbí wọn fọkàn tán mi. Bàbá Rọ́fíátù, tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Sábó, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Alfa nítorí pé òun ló ń ṣáájú wọn kírun, fúnra rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ wá. Ó ní, "Màmá, ìwé ni mo yọ̀ǹda o. N ò yọ̀ǹda fíìmù. Ọmọ tó bá ti mọ fíìmù wò, kò ní í wo ohun tí mo ń fi hàn án mọ́." Mo ní kí ó lọ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀dà ìwé náà méjì ni mo ní. Kí n tó gbé wọn sọ́wọ́ àwọn ọmọ, mo rántí orí kan tí èmi fúnra mi fò nígbà tí mo ń kà á. "Ìkúnlẹ̀" ni wọ́n pe orí náà, àwòrán Àṣàbí lórí ìkúnlẹ̀ níwájú iwin oníwo sì wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo gbójú kúrò, mo ní kò gbọdọ̀ sí ọmọ tí yóò kúnlẹ̀ fún iwin lójú mi. Kí ni n ó sọ fún Alfa? Kí ni n ó sọ fún wòlíì wa? N kò lè fa ìwé ya, nítorí mo mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó mọ̀ ọ́n kà. Iṣẹ́ mi náà ló wá sí mi lọ́kàn. Mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú funfun, mo rán etí àwọn ojú ìwé náà pọ̀ nínú ẹ̀dà méjèèjì, mo sì fi eyín já òwú. Ó mọ́ roro! N kò ka ìlà kan níbẹ̀ kí n tó rán an. Àwòrán ni mo wò, mo ti dájọ́.

Bí àwọn ọmọ bá wá kà á dé etí kànga, wọn a fo ibi tí mo rán, wọn a bá òjò tó ti ń rọ̀. Wọn a ní, "Ìyá, báwo ló ṣe wá rọ̀?" N ó ní, "Ọlọ́run ló rọ̀ ọ́. Ẹ má wo ibi tí mo rán, ẹ máa ka iwájú." Ọmọ kan tó jẹ́ aláwàdà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, Ọlọ́run ò sí nínú ìtàn yìí látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló dé?" Mo lé e jáde, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ ni wọ́n fi ìwé náà ṣe fíìmù, ni àwọn èèyàn bá ń wò ó lórí fóònù káàkiri. Inú bí mi. Mo ní ọmọ wo ni yóò tún ṣí ìwé? Mo kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé ẹni tí mo bá gbọ́ pé ó wo fíìmù náà, kí ó má wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Tíṣà ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká pe àwọn òbí. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ìtàn inú ìwé, ká wá tan fíìmù sára ògiri, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀." Mo gbà tipátipá. Alfa náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí ó bá ti ku díẹ̀ kí fíìmù bẹ̀rẹ̀, òun àti ọmọ òun yóò máa lọ sílé.

Kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa la lò. Ó kún. Tíṣà wà níta, ó ń bá jẹnẹrétọ̀ jà. Nínú kíláàsì, ó wá kan Rọ́fíátù láti sọ ìtàn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn òun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ń sọ ìtàn bí ẹni tó ti ìlú iwin dé. Nígbà tó dé etí kànga, ó ní, "Iwin yẹn ò burú. Ẹ̀gún ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ìrora ló jẹ́ kó máa ké."

Mo ní, "Dúró níbẹ̀. Ẹ̀gún kí ni?"

"Ẹ̀gún ni, mà. Àṣàbí kúnlẹ̀, ó fi eyín yọ ọ́."

"Nínú ìwé wo?"

Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi, kò fèsì.

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ìwé tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi! Kò sí ẹ̀gún níbẹ̀. Fíìmù lo lọ wò, o wá ń purọ́ fún wa pé ìwé lo kà. Òpùrọ́ ni ọ́!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ọmọ tó ti yọ́ fíìmù náà wò wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹ̀gún nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Ẹni tó bá lanu ti jẹ́wọ́ pé òun wò ó. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Rọ́fíà Ẹlẹ́gùn-ún!" ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Alfa dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Èmi náà bínú, mo ní kí wọ́n palẹ̀ fíìmù mọ́, a kò wò ó mọ́. Mo délé, mo jẹun, mo sì sùn dáadáa. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mo sùn.

Nígbà tó yá, Tíṣà wá gba ṣòkòtò tó fún mi rán. Ó ní wọ́n ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun, "Ìyá, ṣùgbọ́n mo wo fíìmù yẹn tán o. N ò rí ẹ̀gún kankan."

Mo ní, "Bóyá ẹ sùn níbẹ̀."

"Èmi ni mo sùn? Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Ó gbé fóònù rẹ̀ ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí n má purọ́, fíìmù náà wù mí. Nínú ìwé, ìlà kan péré ni wọ́n fi sọ pé òkìtì ọ̀gán ṣí. Nínú fíìmù, mo rí i bó ṣe ń ṣí, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ láti inú rẹ̀, mo sì di Tíṣà lápá mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé etí kànga, Àṣàbí inú fíìmù fa idà yọ, ó bẹ́ iwin lórí, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo fò dìde. Mo ní irú ìkà wo nìyí? Kí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ rí kọ́ níbẹ̀? Ta ló ní kí wọ́n yí ìwé oníwèé padà?

Tíṣà ní, "Kí ló wà nínú ìwé níbẹ̀?"

Mo mú ìwé wá. Ó rí òwú létí rẹ̀. "Ta ló rán ìwé?"

"Èmi ni."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, kò rín in mọ́. Mo mú abẹ tí mo fi ń tú aṣọ, mo tú u, mo sì ka orí náà sókè. Àṣàbí kò forí balẹ̀ fún iwin rárá. Ó kúnlẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ni ẹ̀gún wà. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹ̀gún náà ti wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ iwin náà tó láti rí i, nítorí igbe tó ń ké. Nígbà tó yọ ọ́ tán, iwin sunkún, omijé rẹ̀ kún kànga, òjò sì gòkè. N kò lè kà á tán. Tíṣà ló bá mi parí rẹ̀. Ẹni tó ṣe fíìmù fi idà gé àánú kúrò nínú ìtàn. Èmi fi abẹ́rẹ́ sé e mọ́ inú. Èwo ló burú jù? Onífíìmù kò kúkú pe ọmọ kankan ní òpùrọ́.

Mo gba Sábó lọ. Alfa gbọ́ mi dé òpin, ó nu epo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, Rọ́fíà ti wà ní Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta igbá. Kò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Bó bá ti dé ojú ọ̀nà níbí, Ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ níta gbangba. Níta gbangba lẹ ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́rùn ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa ta igbá lọ." Kò pariwo. Ó dùn mí ju kí ó pariwo lọ.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, ìlú mi. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà. Ní ọjà Akẹ̀sán gan-an ni mo ti bá a, ó ń fi kànìnkàìn fọ igbá fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bó ti rí mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, mà." Ọmọ tí mo bà jẹ́!

Mo ní, "Rọ́fíà, mo ti ka ibi ẹ̀gún. Báwo ni ìwọ ṣe kà á? Mo rán an pọ̀."

Ó tẹrí ba. "Ẹ ò rán òkè ẹ̀, mà." Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká afẹ́fẹ́ bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, ó fi ojú kan sí i, ó di èkejì. "Bí mo ṣe ń yọjú wò ó nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ọrùn ń dùn mí."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ ti ní ká má wo ibẹ̀. Bí mo bá sọ, ẹ ó ní mo ṣàìgbọràn."

Bẹ́ẹ̀ ni. N bá sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Alfa tó ń gbọ́ wa ní, "Ẹ̀yin àgbà, ọ̀nà méjèèjì lẹ dí mọ́ ọmọ lójú, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò gbabẹ̀ kọjá." Òótọ́ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan kí n tó dá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ kà léèwọ̀. Bí ọmọ bá sì dákẹ́ níwájú yín, ẹ má tètè pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bi. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin ló ń bò láṣìírí.

A tún pe àwọn òbí sí kíláàsì kan náà. Alfa mú Rọ́fíátù wá láti Ọ̀yọ́. Mo gbé ẹ̀dà kejì, tí òwú ṣì wà lára rẹ̀, fún ọmọ náà pẹ̀lú abẹ mi, mo ní kí ó tú u lójú gbogbo wọn. Bó ti ń tú u, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ariwo sọ. Ìyá ìjọ wa kan dìde, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ dìde! Ìkúnlẹ̀ àgbà fún ọmọdé, èpè ni! Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ náà ni?" Alfa pàápàá ní, "Màmá, ó ti tó." Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ nìyí:

"Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ibí yìí ni mo ti pe Rọ́fíátù ní òpùrọ́. Kò purọ́, kò sì wo fíìmù kankan. Òun nìkan ló ka ìwé yìí tán nínú gbogbo wa. Èmi ni mo rán òótọ́ pọ̀, mo wá ní kò sí. Ẹnikẹ́ni tó bá tún pè é ní Ẹlẹ́gùn-ún, èmi ló bú. Rọ́fíà, dárí jì mí. N kò kúnlẹ̀ láti ṣẹ́ ọ lépè, ọmọ mi. Èmi ni mo fi ẹ̀gún sí ọ lẹ́sẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè wà lóòró yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn."