Fèrèsé Tí Kò Ju Àtẹ́lẹwọ́ Lọ

Níbi tí mo ti tò láti tẹ̀wé ní Kétu ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín bàbá kan tó gun ọ̀kadà wá láti ìlú Idigny nítòsí àti obìnrin tó ń bá wa tẹ̀wé.

"Ọmọ mi, ibi tó o fẹ́ kọ lẹ́tà mi sí lórí kọ̀ǹpútà yìí mà kéré o."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí wọ́n bá ṣe ti fèrèsé ìkọ̀wé yìí náà ló ṣe máa ń ṣí. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ló dín in kù. Ẹ jẹ́ kí n mú un tóbi."

"Rárá o! Ṣé o ò rí àwọn tó wà lẹ́yìn wa ni? Ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Tún dín in kù sí i."

"Kò mà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Bàbá ń sọ ọ́ sí i létí, òun náà ń tẹ̀ ẹ́.

"Ó parí. Ẹ kà á wò."

"Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ kà á fún mi. Kà á sókè, ariwo jẹnẹrétọ̀ yìí ti pọ̀ jù."

Obìnrin náà gbóhùn sókè:

"Ẹ̀yin àna mi, ẹ bá mi bẹ ọmọ yín kó padà wálé. Èmi ni mo jẹ ẹran inú ìkòkò, kì í ṣe ológbò."

Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn:

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá?"

Kí bàbá tó ronú, ó ti dáhùn:

"Mo ṣẹ́ eegun kù."